Àáró Tí Òfin Kò Mọ̀

Èékánná ẹsẹ̀ Miss Ruth ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Alhaji wọlé sórí fóònù mi. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbàlagbà rí á mọ̀ pé èékánná arúgbó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú gé. Ó máa ń le bí ìkarahun ìgbín. Mo ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀ náà, mo gbé e lé itan mi, mò ń gé e díẹ̀díẹ̀. Òkè téńté ni yàrá rẹ̀ wà nínú ilé gogoro kan ní Edgewater, ní Chicago, omi adágún sì ń dán yanranyanran lójú fèrèsé. Nígbà tí fóònù dún, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ, nítorí ọwọ́ mi kò dilẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, àsàlámù àléékúmù o."

Alhaji ni ọ̀gá wa. Òun ló ni agency tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Plainfield, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò ní Ìbàdàn rárá.

"Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òfin owó orí ti yí padà. Accountant mi ní ìjọba ò fẹ́ ká máa pè yín ní adáṣẹ́ṣe mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, kò sí 1099 mọ́, payroll ni gbogbo yín, òṣìṣẹ́ gidi lẹ máa jẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí shift, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe é. Kò sí pé 'mo gbé e fún lágbájá' mọ́. Ẹni tó bá sì ń gbèrò àtilọ sílé, kó ní sùúrù, ó di ìgbà tó bá pé ọdún kan lórí payroll. Ẹ má bá mi jà. Èmi kọ́, òfin ni."

Ọwọ́ mi dúró. Miss Ruth kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ mi.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, Mama."

"Ó dáa. Àmọ́ ìka ẹsẹ̀ mi ló wà lẹ́nu nǹkan mímú yẹn o. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ ronú, kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni Miss Ruth títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa fi ojú kan wo ọ̀nà, kó sì fi èkejì wo ẹni tó ń ṣe ohun tí kò yẹ lẹ́yìn. Mo fipá rẹ́rìn-ín, mo parí ìka tó kù, mo fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí ní Edgewater mọ́. Ó ti lọ sí Ìwó, sọ́dọ̀ ọmọ mi Àjọkẹ́, tí mo ti ṣèlérí fún pé Iléyá ọdún yìí, ojúkojú la máa jọ jẹ ẹran.

*

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Àjọkẹ́ nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn sí Ìlọrin kí ọmọ náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá, n ò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ìwé tí ọmọ náà máa fi wá bá mi ṣì wà níwájú ìjọba, à ń retí, a tún ń retí. Kó tó dé, orí fóònù ni mo ti ń tọ́ ọmọ. Orí fóònù ni mo ti rí i nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ tó ń ka Fátíà fún ìgbà àkọ́kọ́. Network gé e ní àárín, mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mò ń ka ìyókù fúnra mi pẹ̀lú omi lójú.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n dúró, ó gbé fóònù sáré jáde, ó fi mí han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

"Wò ó, mọ́mì mi rèé. Inú ibí yìí ni wọ́n ń gbé."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò mí títí. "Ṣé wọn kì í jáde ni?"

"Wọ́n ní tó bá di Iléyá, wọ́n máa jáde."

Mo rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo pa fóònù, mo fi ìbòrí mi bo ojú, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì má baà bi mí léèrè ohun tó ṣe mí. Kò tilẹ̀ ní bi mí. Ìyẹn gan-an lohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yìí.

Gbogbo ẹni tó kìlọ̀ fún mi kí n tó wá, òtútù ni wọ́n fi kìlọ̀. Òtútù yẹn wà lóòótọ́, ó máa ń ta èèyàn létí bí ẹni pé ó ní gbèsè tó fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n aṣọ wà fún òtútù. Kò sí aṣọ fún ìdákẹ́jẹ́. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì nìkan, mo kí gbogbo ọkọ̀. Mo ní, "Good morning, everybody." Awakọ̀ fi dígí wò mí bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ọlọ́pàá. Ọkùnrin kan yọ nǹkan létí, ó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ti bàjẹ́ ni.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. "Ṣé wọ́n ń bínú sí ọ ni?" wọ́n bi mí.

"Wọn ò bínú, Màámi. Wọn ò kàn mọ̀ mí ni."

"Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́, ṣé kì í ṣe ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kí ọ nìyẹn?"

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Àjọkẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni ìwé tèmi parí sí. Mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré tí wọ́n ń ṣe fún àwọn olùtọ́jú, wọ́n sì rán mi sí Miss Ruth. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ gidi. Obìnrin yìí rò pé orúnkún mi ló yẹ̀. Ó tẹ aago ìpè tó so mọ́ ọrùn, kí n sì tó dìde, àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ti kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ń bi mí bóyá mo lè mi dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀ ni. Òun náà ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń ní, "Mo rí i, mo rí i, dìde."

*

Iṣẹ́ 1099 tí Alhaji ní ó ti tán yẹn, bó ṣe rí nìyí. Wọn ò kà ọ́ sí òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò ọ́. Wọ́n máa kó owó rẹ fún ọ ní pípé, ìwọ fúnra rẹ lo máa yọ ti ìjọba nígbà tó bá yá. Tó o bá ṣàìsàn, ìwọ lo mọ̀ bó o ṣe máa ṣe é. Mi ò ní purọ́ pé ó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀: kò sẹ́ni tó ni ọjọ́ rẹ. Inú àlàfo yẹn sì ni àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fún Alhaji ti dá àáró sílẹ̀.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Láyé tiwọn, oko ẹnì kan ni gbogbo ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ ro, kí wọ́n tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Wọn kì í sanwó fún ara wọn. Ẹni tó bá jẹ àáró, ọkọ́ ló máa fi san án, nínú oòrùn, nígbà tó bá kan oko ẹnì kejì. N ò mọ̀ pé mo máa bá àáró pàdé ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Tó bá kan ẹnì kan láti lọ sílé, àwọn tó kù á pín àwọn arúgbó rẹ̀ láàárín ara wọn, kí àjèjì má baà gba ipò rẹ̀, kí ẹni tó lọ lè fi ọkàn balẹ̀ jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń gba owó ọjọ́ yẹn. Ohun tí ẹni tó lọ jẹ ni ìdúró: nígbà tó bá kan ẹ̀yin náà, òun á dúró fún yín. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Gbogbo wa mọ ẹni tó kàn.

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí Ṣẹ̀rífátù ló kàn. Òun ni a jọ ń gbé. Ó ju mí lọ ní ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo tí a jọ ń pín ti gba "ẹ" kúrò lẹ́nu mi. "Àǹtí" nìkan ló ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ̀ kú. Ó lọ ṣe fídáù, ó sì dúró títí di àdúrà ogójì ọjọ́. Èmi ni mo di àwọn arúgbó rẹ̀ méjì mú, pẹ̀lú Miss Ruth. Mo máa ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ọkọ̀ ni yóò jí mi níbi tí ọkọ̀ parí sí. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ fún mi láàárín pálọ̀, èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Àáró rẹ wà lọ́rùn mi," ó ní. "Ìwọ ló kàn."

Ohun tí ohùn Alhaji gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mò ń gé èékánná nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí Ṣẹ̀rífátù ti gbọ́. Ó ń ro ata lórí iná, ó sì ń bá ata yẹn jà bí ẹni pé òun ni accountant.

"O máa lọ," ó ní, kí n tó bọ́ bàtà. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa lọ?"

"Tí mo bá ṣe tèmi tán, màá wá ṣe tìẹ. Ta ló máa mọ̀? Ṣé Miss Ruth ló máa lọ fẹjọ́ sùn?"

"Àǹtí, orúkọ tèmi ló máa wà níbẹ̀. Tí mama yẹn bá ṣubú nígbà tí mo wà ní Ìwó, ta ni wọ́n máa mú? Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, ìwọ á tẹ̀lé e, Alhaji á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Alhaji ò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o, mo ṣì ń wá ọkọ." Kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Ó pa iná. "Ṣé kí n wá jẹ àáró kú sílẹ̀ yìí ni?"

Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa lọ? Mo rò ó. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó ń bójú tó ìwé Àjọkẹ́ ti sọ fún mi pé tí iṣẹ́ mi bá dúró ṣinṣin lórí payroll, ojú tó dáa ni wọ́n máa fi wo ọ̀rọ̀ wa. Ohun kan náà tó máa gbé ọmọ mi wá bá mi ni kò jẹ́ kí n lọ bá a. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì, kò yí padà.

*

Àárín oṣù àkọ́kọ́ lórí payroll ni Tóyìn wá. Naperville ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, dókítà ni ìyá rẹ̀, òun sì ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì: kí ni ìyípadà òfin owó orí yìí ń ṣe fún àwọn tí kò sí lórí payroll tẹ́lẹ̀? Ó wá sí gbọ̀ngàn mọ́sáláṣí wa lọ́jọ́ Sunday, ó tẹ orúnkún díẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ń béèrè ẹni tó máa bá òun sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn gbàdúrà fún un. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ìdí ìfọ-abọ́ ló ti bá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, I think wọ́n rò pé government ló rán mi."

"Ṣé government ló rán ẹ?"

"Rárá mà!"

"Yéé pè mí ní mà. Ẹgbẹ́ ni wá. Mú aṣọ ìnuwọ́ yẹn, kó o bá mi nu abọ́."

Ó nu abọ́ dáadáa. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe tẹ̀lé e kiri ilé àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ilé tí a kọ́kọ́ dé ni ti Ìyá Kẹ́hìndé, àgbà nínú wa.

"Mà, ǹjẹ́ change yìí ti kàn yín ní ọ̀nà kankan?" Tóyìn béèrè.

"A dúpẹ́."

"Ṣé iye tó ń wọlé dín kù ni, àbí ó pọ̀ sí i?"

"Ọlọ́run ń ṣe é, ọmọ mi."

"Wákàtí iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Wákàtí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹun. O ti gbẹ jù, ṣé wọn kì í fún yín lóńjẹ ní yunifásítì ni?"

Bó ṣe rí ní ilé kejì nìyẹn, bó ṣe rí ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, Tóyìn gbé orí lé sítíárìn.

"Mo jẹ rice ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lónìí. N ò ní data kankan. Ṣé kí n kọ ọ́ pé no effect ni?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni, ìbéèrè rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá. Àwa ni a kì í to ìṣòro wa sílẹ̀ fún àlejò kó tó jẹun tán, ọ̀pọ̀ ìgbà a kì í sì í tò ó lẹ́yìn ìgbà náà. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni change yìí gbà lọ́wọ́ yín?"

Mo la ẹnu kí n ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Iléyá ló jáde. Mo sọ ti Àjọkẹ́ fún un, mo sọ ti bàbá Àǹtí Ṣẹ̀rífátù, mo sọ bí àwa ṣe ń di iṣẹ́ ara wa mú. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ó ń gbọ́.

"Àáró," ó tún un sọ jẹ́jẹ́. "Grandma mi máa ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo rò pé nǹkan ayé àtijọ́ ni. N ò mọ̀ pé ó wà ní Chicago."

"Ó ti wà. Kò sí mọ́."

A padà sílé Ìyá Kẹ́hìndé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, Tóyìn kò béèrè iye owó tàbí wákàtí. Ó ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá lọ sílé, ta ló máa ń dúró fún yín?" Ìyá Kẹ́hìndé gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí payroll bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní inú ilé ìwẹ̀ oníbàárà wọn ni àwọn ti wo fídáù lórí fóònù, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ kí arúgbó náà má baà gbọ́ ẹkún. Gbogbo wa jọ ń ṣiṣẹ́, a jọ ń kírun lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi ò gbọ́ rí pé ìyá wọn kú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló sunkún. Ìyá Ọlámidé, tó já lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn oníbàárà tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán, sọ fún Tóyìn pé, "Ẹ má bá mi ba payroll jẹ́ o! Nígbà 1099, ta ló máa fún mi lówó tí mo bá jókòó sílé? Wọ́n ń sanwó fún mi báyìí, mo sì ń wo fíìmù." Òótọ́ ni tirẹ̀ náà. Mo rò ó títí nínú bọ́ọ̀sì. Òfin yẹn kò kórìíra wa. Ó fẹ́ dáàbò bo ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń rí: orúkọ kan, nọ́ńbà kan, ọrùn ọwọ́ kan. Ibi tí mo ti wá, iṣẹ́ kan lè ní ọwọ́ mẹ́wàá, kò sì ní sẹ́ni tó máa béèrè èwo ni tèmi nínú ọwọ́ náà. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ilé nìyẹn: ibi tí o ti lè kúrò fún ìgbà díẹ̀, tí ààyè rẹ kò ní tutù.

*

Alhaji pè wá sí Plainfield láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni a jókòó sí, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi fún wa. Ó gba Tóyìn, tó bá wa lọ, láàyè láti sọ ohun tó rí nínú ìwádìí rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Àáró?" Alhaji ní. "Nínú agency tèmi? Lẹ́yìn mi?"

Àǹtí Ṣẹ̀rífátù kò jẹ́ kó parí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin àti bọ̀dá yín tẹ́ ẹ jọ ń wa taxi kan ṣoṣo nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá lọ sílé, èkejì á máa wà á, kí lẹ̀ ń pe ìyẹn? Ṣé payroll ni?"

Ẹ̀rín bú. Ìyàwó Alhaji ló rín jù. Alhaji ṣí fìlà, ó ha orí.

"Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ gbọ́. Tí Ṣẹ̀rífátù bá ṣe tirẹ̀ tó tún ṣe ti ẹlòmíràn, ó ti kọjá wákàtí tí òfin gbà lọ́sẹ̀ nìyẹn, overtime ti dé, owó wákàtí rẹ̀ á lé sí i. Agency kékeré ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀mejì irú ẹ̀, a ti tilẹ̀kùn."

Kò purọ́. Mo dìde. Mo kúnlẹ̀ tán pátápátá, kì í ṣe èyí tí mò ń ṣe fún Miss Ruth.

"Alhaji, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n èmi ló kàn. Mo ti ṣe tèmi fún ẹlòmíràn. Ọmọ mi ń dúró dè mí fún Iléyá."

"Dìde, dìde. Ọ̀sẹ̀ mélòó lo fẹ́?"

"Mẹ́fà, sà."

"N ò lè."

"Mẹ́rin."

"Ọmọ yìí, n ò lè, wallahi." Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wò ó padà, ìwò kan báyìí. "Méjì. Mi ò ní lè sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààyè rẹ á dúró dè ọ́. Ṣẹ̀rífátù á gba wákàtí tó bá ṣẹ́ kù nínú tirẹ̀, màá fi ẹnu ara mi bá ọmọ Miss Ruth sọ̀rọ̀ lórí ìyókù."

Mo dúpẹ́ títí ó fi ní kí n jókòó. Nínú mọ́tò tí a bá lọ sílé, Àǹtí Ṣẹ̀rífátù di ọwọ́ mi mú. "N ò tíì san án tán," ó ní. "Má rò pé mo ti san án tán o."

Nígbà tí mo sọ fún Miss Ruth, ó yíjú sí fèrèsé. Ọmọ méjì ni tirẹ̀, ọ̀kan jìnnà, èkejì wà nítòsí ní Naperville, kì í sì í wá ju ìgbà ọdún lọ.

"Sọ fún ọmọ rẹ," ó ní, "pé mo fi ìyá rẹ̀ yá a. Kó rọra lò ó o, kó sì dá a padà fún mi."

Ó fi ṣeré ni. Àmọ́ mo wọ ilé ìdáná, mo dúró níwájú sítóòfù tí n kò tan iná sí.

*

Ọ̀sán ni mo máa ń pe ilé, nígbà tí Miss Ruth bá ń sùn, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ ní Ìwó. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, inú wọn dùn débi pé wọ́n ké Allahu Akbar tí àwọn adìyẹ fi sá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣírò ọjọ́ náà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," wọ́n ní. "Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ òórùn rẹ ni."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Má ṣèyọnu. Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, a máa ní kó lọ sílé Ìyá Sàláwù, kó lọ wo ọmọ ewúrẹ́. Kó tó dé, o ti lọ. Bá a ṣe ṣe é nígbà yẹn náà nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọmọdé, ní ilé gbogbo tí mo mọ̀. Wọ́n ṣe é fún èmi náà rí. N ò béèrè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Àjọkẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn. Mo béèrè báyìí.

Ìyá mi kọ́kọ́ wúkọ́. "Ó ń wá ọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," wọ́n ní. "Ó rò pé eré ni. Ó wá ọ títí oorun fi gbé e lọ."

Mo gbọ́ bí Miss Ruth ṣe ń mí nínú yàrá. Mo gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn ìyá mi, tó ń béèrè pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù. Ẹ má rán an lọ sílé ẹnikẹ́ni."

Ojú ọmọ mi kún fóònù, imú nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. "Mọ́mì! Wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀!"

"Mò ń bọ̀, Àjọkẹ́. Jókòó, kó o gbọ́ mi dáadáa. Mò ń bọ̀, màá sì tún padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn la fi ń wá ọ̀nà tí ìwọ náà máa fi wá bá mi gbé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"A máa sùn lórí ẹní kan náà. Màá di irun rẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, kò sẹ́ni tó máa tàn ẹ́ lọ síbì kan. Wàá jí, wàá wẹ̀, wàá tẹ̀ lé mi dé gáréèjì. Tó o bá fẹ́ sunkún, sun ún níwájú mi. Èmi náà á sun tèmi níwájú rẹ."

Ó ń rò ó, mo rí i bó ṣe di ètè.

"Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ó pọ̀ àbí ó kéré?"

Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mi orí sí mi, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe pé kí n ní ó pọ̀.

"Ó kéré, ọmọ mi," mo sọ fún un. "Ó kéré gan-an ni."